Orúnkún ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ọmọ ọdún 30

Akọ̀wé-Orí-Àga:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, orí àga ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, èmi àtàwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún eré kìlómítà 10. Kó tó dìgbà yẹn, eré tí mo máa ń sá kò ju kí n lé bọ́ọ̀sì lọ. Kìlómítà 2 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, mo ti dé 7, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni mò ń sá a, torí èémí mi ń gbé e, orí mi sì ń wú.

Ní báyìí, iwájú orúnkún méjèèjì ló ń dùn mí, ti ọ̀tún ló le jù. Kì í ṣe ojú kan tí mo lè fi ìka tọ́ka sí. Tí ẹ bá ní kí n fi hàn yín, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni màá gbé lé e. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ó ń dùn díẹ̀. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, màá di ògiri mú. Tí ìpàdé bá gùn níbi iṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí n tó lè dìde bí ènìyàn. Tí mo bá sì lóṣòó, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Kò wú, kò gbóná, mi ò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò gbá mi.

Mo ti ya X-ray, wọ́n ní egungun mi dára. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní làkúrègbé ni, pé ó ti ń mú ọ̀dọ́ náà báyìí. Ẹlòmíì ní kí n gbàgbé eré sísá títí ayé, pé orúnkún ló máa ń jẹ. Kí ló lè jẹ́? Ṣé kí n dáwọ́ eré dúró ni? Ìró yẹn ńkọ́, ṣé àwọn egungun yẹn ló ń họ ara wọn? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Ọmọ-Ìyá-Kan:

Pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Sinmi dáadáa, má sáré rárá, fi ìpara tó máa ń ta ni lára yẹn ra á lálẹ́, kí o sì máa wọ ìdè orúnkún. Tèmi lọ pátápátá. Ìgbà tí mo padà sórí pápá ló tún dé, ṣùgbọ́n mo ti tún ń sinmi.

Ẹ̀gbọ́n-Físíò:

Akọ̀wé, pẹ̀lẹ́, àbúrò. Físíò ni mí, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Orúnkún wà lára ohun tí mo fi ń jẹun, bí o sì ṣe ṣàlàyé tìrẹ yéni ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá jókòó síwájú mi lọ. Mi ò fọwọ́ kàn ẹ́ o, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi ò lè rọ́pò ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, ìrora iwájú tí kò ní ojú kan, àtẹ̀gùn, ìjókòó pípẹ́, lílóṣòó, ibì kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí: ibi tí egungun pẹlẹbẹ ojú orúnkún ti ń fara kan egungun itan. Nínú ìwé dókítà, wàá rí i bíi patellofemoral pain. Ó wà lára ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ tó ń mú orúnkún ro ọ̀dọ́, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Egungun pẹlẹbẹ yẹn máa ń lọ sókè sódò nínú kòtò kan tó wà níwájú egungun itan, nígbàkígbà tí o bá ká ẹsẹ̀ tàbí tí o bá nà án. Bí o bá ṣe ń ru ara rẹ lórí ẹsẹ̀ tó ká sí i ni àwọn méjèèjì ṣe ń tẹ ara wọn sí i. Tí o bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìtẹ̀mọ́ra yẹn kò tó ìwọ̀n ara rẹ. Lórí àtẹ̀gùn, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 3 rẹ̀. Tí o bá lóṣòó wọlẹ̀ pátápátá, ó lè tó ìlọ́po 7. Orúnkún tó ti mọ́ lára lè gbà á láìbéèrè nǹkan kan. Tìrẹ ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, o wá gbé e láti kìlómítà 2 dé 7 láàárín oṣù kan. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè bá eré mu. Iṣan, egungun àti ibi tí wọ́n ti so mọ́ra kì í tètè bá a mu. Èémí rẹ ti ní kí o máa lọ, orúnkún kò tíì gbọ́.

X-ray rẹ dára, èmi náà ò retí ohun mìíràn, torí kì í rí irú ìrora yìí. Má sì sáré lọ ya MRI, àwòrán inú ara tó ń fi iṣan àti egungun rírọ̀ hàn, nítorí rẹ̀. Orúnkún àwọn tí nǹkan kan ò dùn rí pàápàá, tí a bá yà á, a máa ń rí oríṣiríṣi àléébù níbẹ̀. Ènìyàn á gba ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ adẹ́rùbani, á wá máa tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹyin.

Ìró tí kò bá ìrora tàbí wíwú rìn, kò já mọ́ nǹkan kan. Tìrẹ ń dún nígbà tó ń dùn, ṣùgbọ́n ìrora ni kí o máa ṣọ́, má ṣọ́ ìró. Ní ti làkúrègbé, èyí tó ń jẹ egungun rírọ̀ inú orúnkún àwọn àgbà kì í sáábà mú ọmọ ọdún 27, àfi ẹni tó ti fara pa gan-an níbẹ̀ rí. Ẹni tó sọ pé eré ń jẹ orúnkún kò rí ẹ̀rí mú jáde: àwọn tó ń sáré níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìgbádùn ara wọn, làkúrègbé orúnkún kì í pọ̀ láàárín wọn tó bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó.

Ọmọ-Ìyá-Kan, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n "sinmi, fi ìpara ra á" ni àwa físíò ń bá jà lójoojúmọ́. Ìpara ò burú. Ìdè orúnkún náà ò burú fún ìgbà díẹ̀. Ìsinmi pátápátá ni mi ò fara mọ́: ó ń mú ìrora lọ torí pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ orúnkún, kò sì fi agbára kankan kún un. Iṣan itan tún ń rọ sí i lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá padà dé, ìrora á bá a dé, bó ṣe bá ọ gan-an.

Nítorí náà, Akọ̀wé, má dáwọ́ dúró, dín in kù. Padà sí ìwọ̀n tí orúnkún lè gbà. Ó lè jẹ́ kìlómítà 2, ó sì lè jẹ́ kí o sáré fún ìṣẹ́jú 2, kí o rìn fún ìṣẹ́jú 1, kí o tún sáré. Máa fi ọjọ́ kan sáàárín. Yẹra fún ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ná. Gé ìgbésẹ̀ rẹ kúrú, kí ẹsẹ̀ máa yára kan ilẹ̀: tó bá ń kan ilẹ̀ nígbà 160 ní ìṣẹ́jú kan, gbé e lọ sí 170 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ìtẹ̀mọ́ra náà á dín kù láìjẹ́ pé o dín eré kù. Kí o wá fún ìrora ní máàkì láti 0 sí 10. Tí kò bá kọjá 3 nígbà tí o ń ṣe é, tí kò sì le sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, máa bá a lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, o ti ṣe jù; dín in kù, má sá fún un.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni itan àti ìdí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìdí sí nínú ọ̀rọ̀ orúnkún. Dúró síwájú dígí, gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àtẹ̀gùn tí kò ga, jẹ́ kí èkejì rọra sọ̀ kalẹ̀ títí gìgísẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Wo orúnkún ẹsẹ̀ tó dúró. Ṣé ó kọjú sí ìka kejì ẹsẹ̀ yẹn náà, àbí ó ń wọ inú lọ sápá àtàǹpàkò? Tó bá ń wọ inú, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ló sábà máa ń jẹ́ aláìlágbára, orúnkún ló ń san gbèsè rẹ̀.

Fi èyí bẹ̀rẹ̀. Dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí o sì fi kíka 4 padà jókòó. Ìjókòó díẹ̀díẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Fẹ̀yìn ti ògiri, yọ̀ sílẹ̀ dé ibi tí kò dùn ẹ́, dúró síbẹ̀. Fẹ̀yìn lélẹ̀, ká orúnkún, gbé ìdí sókè. Fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbé ẹsẹ̀ òkè sókè ní nínà, kí o fà á sẹ́yìn díẹ̀. Tí ìwọ̀nyí bá ti rọrùn, kí o wá máa ṣe ti àtẹ̀gùn tí mo fi dán ẹ wò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele 3, ìgbà 8 sí 12 ní ìpele kan. Méjì tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ nira. Tí kò bá nira mọ́, gbé nǹkan wúwo dání. Fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 kí o tó dá a lẹ́jọ́. Ẹlòmíì máa ń tó oṣù 3.

Nọ́ńbà-Mẹ́wàá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí ẹni tó bá ń kà má baà rò pé gbogbo orúnkún ló rí báyìí. Bọ́ọ̀lù ni èmi ń gbá. Ẹnikẹ́ni ò fara kàn mí lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ yípo ni, ẹsẹ̀ dúró sílẹ̀, ara yí, mo sì gbọ́ "pọ́" nínú orúnkún. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí, ó ti wú débi pé ojú orúnkún ti pòórá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wíwú lọ, ìrora lọ, mo lè sáré tààrà. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ yà lójijì, orúnkún á yẹ̀ mọ́ mi lábẹ́. ACL ló já, ìyẹn okùn iṣan inú orúnkún tí kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Akọ̀wé. Tèmi ní ọjọ́ àti ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìró ẹ̀ẹ̀kan. Ó wú láàárín wákàtí méjì, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú rẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ mi kan tún yàtọ̀: òun náà yí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ló wú, orúnkún sì há, kò ṣe é nà tán. Egungun rírọ̀ tó dà bí òṣùpá tó wà láàárín ló fà ya, èyí tí wọ́n ń pè ní meniscus. Irú àwọn wọ̀nyí, MRI wúlò fún wọn. Mo ṣe iṣẹ́ abẹ, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ACL rẹ̀ já ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é, kó má gbọ́ tẹni tó ní kó padà sórí pápá kí oṣù 9 tó pé.

Bọ́ọ̀lù-Agbọ̀n:

Èmi lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí tèmi o: ìsàlẹ̀ egungun ojú orúnkún gan-an. Tí mo bá fò, ó ń ta mí. Tí ara bá ti gbóná, á rọlẹ̀, ọjọ́ kejì ni màá wá jẹ̀rora rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà á?

Ẹ̀gbọ́n-Físíò:

Bọ́ọ̀lù-Agbọ̀n, iṣan tó so egungun ojú orúnkún mọ́ ojúgun ni ìyẹn. Àwọn tó ń fò ló máa ń mú jù. Béèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Tó bá jẹ́ steroid ni, ìyẹn oògùn tó ń pa wíwú àti ìrora, èmi ò ní gbà á síbẹ̀ yẹn, torí ó lè dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì sọ iṣan náà di ẹlẹgẹ́. Jókòó, jẹ́ kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ rẹ mú tàbí kí o ki í bọ ẹ̀rọ jíìmù tí wọ́n fi ń na ẹsẹ̀, kí o tì í láìjẹ́ kó lọ, fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Sinmi, ṣe é nígbà 5. Ọ̀pọ̀ ni ìrora wọn máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbígbé ẹrù wúwo díẹ̀díẹ̀, kí fífò tó tẹ̀ lé e. Oṣù ni a fi ń ka ìwòsàn rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Àárọ̀-Kùtù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀. Ẹ ní làkúrègbé kì í sáábà mú ọ̀dọ́. Oríṣi kan wà tó ń mú wa dáadáa. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àtẹ̀gùn ni ọ̀tá mi, àárọ̀ ni. Màá jí, orúnkún á ti gan, á lé ní wákàtí kan kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa; tó bá di ọ̀sán, ó ti sàn. Ìgbà tó dé oríkèé ọwọ́ àti ìka, tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́, ni dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ara mi ló ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Ìdárayá nìkan kì í tó fún tiwa, oògùn ni, kí ènìyàn sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó ba oríkèé jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n-Físíò:

Àárọ̀-Kùtù, o wúlò fún wa. Èyí tó ń wá láti ara jíjẹ egungun rírọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ti ìwọ, gíganpá àárọ̀ tó lé ní ìdajì wákàtí ni àmì rẹ̀, ká má sì fojú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí kì í ṣe ti ìdárayá rárá. Orúnkún tó gbóná, tó wú, tó pọ́n, tí ibà sì bá a dé: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò lè ti wọ inú oríkèé, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìrora tó ń jí ọ lóru, tí kò bìkítà bóyá o sinmi àbí o ò sinmi, tàbí kókó tó ń dàgbà nítòsí orúnkún ọ̀dọ́: ẹ má fi ìpara ra á. Jẹjẹrẹ egungun ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ìtòsí orúnkún àwọn ọ̀dọ́ gan-an ló fẹ́ràn. Ẹni tó ṣubú tí kò lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó lọ ya X-ray.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: ìgbà mìíràn, ìbàdí ló ń ṣàìsàn, orúnkún ló ń pariwo. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí orúnkún ń dùn, tí a sì tẹ orúnkún náà títí tí a ò rí nǹkan kan, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan lókè lọ́hùn-ún, kí egungun náà sì máa kú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ń ro ó.

Akọ̀wé-Orí-Àga:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ti dúró síwájú dígí. Ti òsì ń ṣe dáadáa; ti ọ̀tún wọ inú lọ tààrà, mo tún un ṣe torí mo rò pé dígí ló ń tàn mí. Ìbéèrè méjì tó kù: ṣé kí n ra bàtà olówó ńlá tí wọ́n ń polówó fún orúnkún? Ṣé mo sì lè lo ibuprofen, oògùn ìrora yẹn, kí n tó sáré? Eré wa ku ọ̀sẹ̀ méje.

Ẹ̀gbọ́n-Físíò:

Bàtà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí kò tíì tẹ́ lábẹ́, ti tó. Kò sí bàtà tó ń ṣe iṣẹ́ ìdí.

Má lo ibuprofen kí o tó sáré. Ìrora ni máàkì tí mo ní kí o máa fún un. Tí o bá pa á lẹ́nu mọ́, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ti kọjá 3? Tó bá dùn ẹ́ gan-an lẹ́yìn iṣẹ́, o lè lò ó fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, àfi tí o bá ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, ikọ́ fée tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń ru sókè, tàbí tí o bá lóyún. Yìnyín tí a fi aṣọ wé fún ìṣẹ́jú 15 náà dára.

Ọ̀sẹ̀ méje kéré, kò sì kéré jù. Lo mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ìdárayá àti eré àárín ìrìn. Tí àtẹ̀gùn bá ti rọrùn nígbà yẹn, máa fi ìwọ̀nba kún eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì sá kìlómítà 10 náà ní eré àti ìrìn, láìbá ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ díje. Tí àtẹ̀gùn bá ṣì ń dùn ẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ kẹta, fi nọ́ńbà rẹ fún ẹlòmíì, kí o forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e.